Bí A Ṣe Lè Mọ Irin Ẹ́ńjìnnì Tí Kò Lórúkọ

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kì í ṣe ti àwọn mẹkáníìkì nìkan. Ó kan gbogbo ẹni tí ó bá ní ọkọ̀ àtijọ́ nílé, ó sì kan ẹni tí baba rẹ̀ fi àpótí irin sílẹ̀ fún láìsọ ohun tí irin náà jẹ́.

Ní àdúgbò wa ní Festac, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tí baba rẹ̀ fi ọkọ̀ kékeré kan sílẹ̀ fún. Karmann Ghia ni ọkọ̀ náà, onílẹ̀kùn méjì, tí òrùlé rẹ̀ lọ sílẹ̀, tí ara rẹ̀ sì ń dán bí òkúta odò nígbà tí ó ṣì wà ní tuntun. Baba náà ti tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ palẹ̀ pátápátá kí ikú tó mú un lọ. Inú àpótí pákó mẹ́ta ni irin rẹ̀ wà, kò sì sí ẹyọ kan tí a kọ orúkọ sí lára. Ìyá ọmọ náà ní kí wọ́n tà á fún àwọn tí ń ra irin àlòkù. Àwọn olùrà náà ti wá pẹ̀lú òṣùwọ̀n wọn, wọ́n fẹ́ wọn ẹ́ńjìnnì bí ẹni ń wọn ẹja dídì. Ni ọmọ náà bá sáré wá bá mi. Ó ní, "Bàbá, ẹ gbà mí. Bí wọ́n bá gbé àpótí yẹn lọ, iṣẹ́ ọwọ́ bàbá mi ni wọ́n gbé lọ yẹn."

Mo lọ bẹ ìyá rẹ̀. Ó fún wa ní oṣù kan péré. Ó ní, "Bí oṣù náà bá pé tí ẹ kò mọ ohun tí ẹ ní lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí n fi àyè ilé mi ṣe nǹkan mìíràn." Ọ̀rọ̀ náà kò burú lẹ́nu rẹ̀, nítorí ìdọ̀tí ni irin tí a kò mọ̀ jẹ́ lójú ẹni tí ń gbálẹ̀ yí i ká. Ohun tí a ṣe láàárín oṣù náà ni mo fẹ́ sọ fún yín, kí ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí ó bá kàn yín.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a mọ̀ nìyí: ọkọ̀ tí a ṣe fún eré sísá, èyí tí àwa ń pè ní sípọ́ọ̀tì, kì í sábà dá ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ ní. Ó máa ń yá a lọ́wọ́ ọkọ̀ gbogboogbò ni. Ẹ wo MGA tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde ní 1955: irú ẹ́ńjìnnì 1489 cc tí ó wà nínú Morris Oxford ni wọ́n tún ṣe fún un. Ẹ wo Austin-Healey Sprite ti 1958, tí iná iwájú rẹ̀ yọ síta bí ojú ọ̀pọ̀lọ́: ẹ́ńjìnnì 948 cc ti Morris Minor tí àwọn olùkọ́ àti akọ̀wé wa ń gùn nígbà náà ni ó wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Karmann Ghia. Ilé iṣẹ́ Ghia ní Ìtálì ni ó ya àwòrán rẹ̀, Karmann ní Osnabrück ní Jámánì ni ó kan ara rẹ̀ láti 1955 títí di 1974, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì Volkswagen tí àwa ń pè ní Ìjàpá ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Aṣọ asáré ni ó wọ̀, ẹsẹ̀ Ìjàpá ni ó fi ń rìn.

Ìdí tí mo fi sọ èyí ni pé ẹni tí ó bá lọ sí ọjà tí ó ń béèrè irin Karmann Ghia, wọn yóò ní kò sí. Bí ó bá sì béèrè irin Ìjàpá, wọn yóò ní kí ó jókòó. Ìjàpá kì í ṣe àjèjì ní ẹkùn wa yìí. Ní 1975 ni ilé iṣẹ́ Volkswagen ti Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í to Ìjàpá ní Ọ̀jọ́, ní ojú ọ̀nà Badagry kan náà tí ó gba iwájú Trade Fair kọjá. Wọn kò tò ó níbẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n irin rẹ̀ kò tíì tán nílẹ̀.

Trade Fair fúnra rẹ̀, àwọn ará Yugoslavia ni wọ́n kọ́ ọ, fún ìpàtẹ ọjà àgbáyé ti Èkó tí a ṣe ní 1977, ọdún kan náà tí a ṣe àjọ̀dún FESTAC tí ìlú wa fi gba orúkọ. Lónìí, ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò ẹ̀yà ọkọ̀ àti ẹ̀rọ tí a mọ̀ sí ASPAMDA wà nínú ọgbà náà. Ẹni tí ó bá wọ ibẹ̀ láìmọ ohun tí ó ń wá yóò rò pé gbogbo ẹ́ńjìnnì ayé ni a tú síbẹ̀. Bí ẹ bá sọ orúkọ irin kan fún òǹtajà níbẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí yóò sọ ni pé, "Sáḿpù dà?" Ó ń fẹ́ kí ẹ mú èyí tí ó wà lára ọkọ̀ yín wá kí ó lè fi ojú wọn méjèèjì. Àṣà yìí dára púpọ̀, ṣùgbọ́n kò tó. Àwọn àgbà ní ohun tó jọ ohun la fi ń wé ohun, èèpo ẹ̀pà ló jọ pósí ẹ̀lírí. Jíjọ nìkan kò sọ èèpo ẹ̀pà di pósí. Bẹ́ẹ̀ ni irin méjì lè jọra bí ìbejì kí ọ̀kan gbé ọkọ̀ rìn, kí èkejì sì ba ẹ́ńjìnnì jẹ́.

Nítorí náà, kí ni kí a ṣe?

Ẹ kọ́kọ́ fọ irin náà. Kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì ni ẹ lò. Ẹ má ṣe fi irin họ ara irin, nítorí ohun tí ẹ ń wá lè jẹ́ nọ́ńbà wẹ́wẹ́ tí a tẹ̀ sí ibi tí ìdọ̀tí bò. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀, kí ẹ sì to irin náà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀: èyí tí ń yí, èyí tí ń dúró, èyí tí epo ń gbà kọjá, èyí tí iná ń gbà kọjá. Àpótí mẹ́ta yẹn gbà wá ní odidi ọjọ́ Sátidé méjì.

Ẹ wá béèrè lọ́wọ́ irin náà pé kí ni a fi ṣe é. Òòfà kékeré kan tó fún èyí. Òòfà kì í mú alumíníọ̀mù. Ní ti Ìjàpá, alumíníọ̀mù ni tọ́ọ̀pù sílíńdà rẹ̀, irin dídà ni sílíńdà rẹ̀ tí ó ní lẹ́bẹ́lẹ́bẹ́ yí ká, ara ẹ́ńjìnnì náà sì jẹ́ àdàlù magnesium, èyí tí ó fúyẹ́ ju bí ojú ti rò lọ. Atẹ́gùn ni ó ń mú ẹ́ńjìnnì yìí tutù, kì í ṣe omi. Bí ẹ bá rí irin kan tí ó ní ihò tí omi ń gbà, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kíákíá, kì í ṣe ará ilé yìí. Ọ̀nà yìí nìkan ni a fi mú irin mẹ́rin kúrò nínú àpótí náà. Ti pọ́ọ̀ǹpù omi ni méjì nínú wọn, kò sì sí bí wọ́n ṣe dé ibẹ̀ ju pé baba náà ń tún ọkọ̀ mìíràn ṣe.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wá nọ́ńbà. Nọ́ńbà oríṣi méjì ni ó wà, kí ẹ má sì ṣe pa wọ́n pọ̀. Èyí àkọ́kọ́ ni èyí tí ó yọ sókè lára irin, tí a dà pọ̀ mọ́ ọn nígbà tí ó ṣì jẹ́ omi iná. Ohun tí a dà ni ó ń sọ, ó sì lè jẹ́ pé ohun kan náà ni a dà, tí a wá gé e sí ọ̀nà méjì tí kò bá ara wọn mu. Nígbà mìíràn ẹ ó rí àmì roboto bí ojú aago lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Oṣù àti ọdún tí a da irin náà ni ó ń tọ́ka sí. Èkejì ni nọ́ńbà ẹ̀yà gan-an, èyí tí ìwé ilé iṣẹ́ fi ń pe irin náà.

Nọ́ńbà Volkswagen ìgbà náà lé ní mẹ́ta-mẹ́ta. Mẹ́ta àkọ́kọ́ ń sọ irú ọkọ̀ tí a kọ́kọ́ ṣe irin náà fún: 113 jẹ́ ti Ìjàpá, 211 jẹ́ ti bọ́ọ̀sì, 311 jẹ́ ti ọkọ̀ tí ó tóbi ju Ìjàpá lọ díẹ̀, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 14 sì jẹ́ ti Karmann Ghia fúnra rẹ̀. Nínú mẹ́ta tí ó tẹ̀ lé e, ẹ wo ẹyọ àkọ́kọ́. Bí ó bá jẹ́ 1, inú ẹ́ńjìnnì ni irin náà ti wá. Bí ó bá jẹ́ 2, ti epo tàbí ti èéfín ni. 3 ni gíá, 4 ni ẹsẹ̀ iwájú, 5 ni ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, 6 ni táyà àti bíréèkì, 8 ni ara ọkọ̀, 9 ni iná. Nítorí náà, bí ọmọdé bá rí 113 905 lára irin kan, kò yẹ kí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ibi tí yóò tò ó sí nínú ẹ́ńjìnnì: ti Ìjàpá ni, ti iná sì ni. Lẹ́tà tí ó bá wà ní ìparí ń sọ àtúnṣe tí a ti ṣe sí irin náà. Ẹ má ṣe fojú kéré lẹ́tà yẹn.

Ara ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú ní nọ́ńbà tirẹ̀, lábẹ́ ibi tí jẹnẹrétọ̀ jókòó lé. Lẹ́tà tí ó ṣáájú rẹ̀ ni ẹ fẹ́. D ni 1200, F ni 1300, H ni 1500. Láti 1970, AB di 1300, AD sì di 1600. H ni a rí lára ti ọ̀dọ́mọkùnrin wa. Inú rẹ̀ dùn, ó ní, "1500 ni, ó parí." Mo ní kí ó fara balẹ̀. Ohun tí wọ́n fi kọ́ ilé kọ́ ni ó sábà máa ń wà nínú ilé lẹ́yìn ogójì ọdún.

Ibí yìí ni a ti wá mú kálípà. Bí ẹ kò bá ní irin ìwọ̀n kankan, ẹ ra kálípà, nítorí ojú ènìyàn kò lè wọn ìdajì mìlímítà dáadáa. Písítìnì Ìjàpá 1200 jẹ́ 77 mìlímítà ní fífẹ̀, ti 1300 náà jẹ́ 77. Ti 1500 jẹ́ 83, ti 1600 sì jẹ́ 85.5. Kiránkì ni ó ń sọ bí písítìnì yóò ti rìn tó: 64 mìlímítà ní 1200, 69 mìlímítà ní 1300, 1500 àti 1600. Ẹ rí i pé 1200 àti 1300 ní fífẹ̀ kan náà, síbẹ̀ wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ẹ sọ fífẹ̀ písítìnì di sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ fi í sọ ara rẹ̀ di púpọ̀. Ẹ fi 0.7854 sọ èyí tí ẹ rí di púpọ̀, lẹ́yìn náà ẹ fi gígùn ìrìn rẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ fi iye sílíńdà. Fún 1500: 8.3 lọ́nà 8.3 jẹ́ 68.89; lọ́nà 0.7854 jẹ́ 54.1, lọ́nà 6.9 jẹ́ 373. Lọ́nà mẹ́rin jẹ́ nǹkan bí 1493 cc. Iye tí ilé iṣẹ́ kọ sínú ìwé gan-an nìyẹn.

Nígbà tí a wọn písítìnì inú àpótí, 85.5 ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ojú ọmọ náà fà ro. Ó ní baba òun ti ra èyí tí kì í ṣe tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ara ẹ́ńjìnnì 1500 àti tọ́ọ̀pù rẹ̀ máa ń gba sílíńdà 1600 láìsí gígé, kiránkì wọn náà sì jẹ́ ọ̀kan. Kì í ṣe àṣìṣe rárá. Baba rẹ̀ fẹ́ sọ 1493 di 1584 ni, kí ọkọ̀ náà lè ní agbára díẹ̀ sí i. Ọmọ náà dákẹ́. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó ní, "Nítorí náà ni ó ṣe tú u." Kò sí ẹni tí baba náà sọ fún, irin ni ó sọ fún, irin náà sì jíṣẹ́.

Kíkà pẹ̀lú jẹ́ ọ̀nà ìmọ̀, kò sì ná ni ní kọ́bọ̀. Fúláíwíìlì méjì ni ó wà nínú àpótí, wọ́n sì jọra. A fi ẹfun sàmì sí eyín kan, a sì kà á yí ká. Ọ̀kan ní eyín 109, èkejì ní 130. Eléyín 109 jẹ́ ti Ìjàpá àtijọ́ tí bátìrì rẹ̀ jẹ́ fóòtì mẹ́fà. Eléyín 130 jẹ́ ti fóòtì méjìlá. Ti fóòtì méjìlá ni ọkọ̀ ọmọ náà. Bí a bá ti de ti àkọ́kọ́ mọ́ ọn, sítátà ìbá máa yí lórí asán.

Ẹ tún wo káàmù. Gíá tí ó wà ní ìdí káàmù Ìjàpá, ìṣó mẹ́ta ni ó dè é ní ti ọkọ̀ títí di nǹkan bí 1970, ó sì tẹ́jú. Ní ti èyí tí ó dé lẹ́yìn náà, ìṣó mẹ́rin ni, ó sì tẹ̀ sínú bí àwo. Pọ́ọ̀ǹpù ọ́ìlì tí ó bá ọ̀kan mu kò bá èkejì mu, bẹ́ẹ̀ ni lójú, pọ́ọ̀ǹpù ni pọ́ọ̀ǹpù ń jẹ́. Ìṣó mẹ́ta ni tiwa, pọ́ọ̀ǹpù inú àpótí sì jẹ́ ti oníṣó mẹ́rin. Èyí ni ohun kan ṣoṣo tí baba náà rà tí kò tọ̀nà. Kò sì sí ẹni tí irú rẹ̀ kò lè ṣẹlẹ̀ sí.

Èmi fúnra mi ti ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo gbé kiránkì Ìjàpá mi lọ sọ́dọ̀ agbẹ́rin, ó gé e kù ní 0.50 mìlímítà. Ó yẹ kí n ra bíárìn tí ó nípọn bá a mu. Mo ra páálí kan tí a kọ 0.50 sí lára, mo gbé e fún mẹkáníìkì, n kò ṣí i wò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í kanlẹ̀kùn. Nígbà tí a tú u, ẹ̀yìn bíárìn gan-an kà 0.25. Àyè tí ó ṣẹ́kù ti jẹ́ kí ọ́ìlì máa sá lọ, irin ń gbá irin, kiránkì náà sì bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Mo lè dá òǹtajà lẹ́bi, ṣùgbọ́n èmi ni mo lójú tí n kò fi wò. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sọ fún ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ pé páálí lè purọ́. Ẹ bi ẹ̀yìn irin léèrè.

Nígbà tí ẹ bá wá ń lọ sí Trade Fair, ẹ má ṣe lọ lọ́wọ́ òfo. Ẹ mú sáḿpù lọ, ẹ mú kálípà lọ, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà àti ìwọ̀n sínú ìwé. Ẹ bi òǹtajà bí irin náà bá jẹ́ tuntun tàbí tòkunbọ̀, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n lójú rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Òǹtajà rere kì í bínú sí ẹni tí ń wọn ọjà. Ọ̀gá tí a bá níbẹ̀ gba pọ́ọ̀ǹpù lọ́wọ́ ọmọ náà, ó yí i padà, ó ní, "Oníṣó mélòó ni káàmù yín?" Ọmọ náà ní, "Mẹ́ta, ọ̀gá." Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọmọ yìí mọ ohun tí ó ń wá." Ó wọ inú ìsọ̀, ó mú ẹyọ kan jáde láti abẹ́ òkìtì, ó sì gba fúláíwíìlì eléyín 109 wa mọ́ owó náà. Abéèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ ohun tí yóò béèrè ni ó tètè ń délé.

Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù tí ìyá náà fún wa ni ẹ́ńjìnnì náà sọ̀rọ̀. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó tú èéfín dúdú, lẹ́yìn náà ó wá ń dún bí Ìjàpá ti í dún. Ìyá náà jáde láti ilé ìdáná, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wí nǹkan kan. Nígbà tí ó ṣe, ó ní kí a wá jẹun.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ohun kan ni mo fẹ́ fi sílẹ̀ lọ́wọ́ yín. Gbogbo làálàá oṣù kan yìí, bébà kékeré mélòó kan ìbá ti gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá tú irin kan lónìí, ẹ so bébà mọ́ ọn. Ẹ kọ ohun tí ó jẹ́, ọkọ̀ tí ẹ ti tú u, ọjọ́ tí ẹ tú u, àti ohun tí ẹ fẹ́ fi í ṣe. Kò sí ẹni tí ó mọ ọjọ́ tí ẹlòmíràn yóò ṣí àpótí náà. Ẹ má jẹ́ kí ó bá irin tí kò lórúkọ níbẹ̀.